Màlúù Tó Sọ Ọmọ Ilé Di Àlejò

Ní ilé ọkọ mi, obìnrin kì í pe ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Ogójì ọdún ni mo fi pe Mshiyeni Gamedze ní "Bàbá", tí mo ń kúnlẹ̀ gbé àwo fún un, tí n kì í gba iwájú rẹ̀ kọjá láìtẹrí ba. Ọkọ tèmi, àbúrò rẹ̀, ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n inú agbolé wọn ni mo ṣì wà. Lónìí, n óò pe orúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ń dunni ló ń pọ̀ lẹ́nu ẹni, mo sì ti dàgbà kọjá ẹni tí wọ́n ń bá wí. Ẹni tí inú bá bí, kó lọ fẹjọ́ mi sun ọba.

Iṣẹ́ kòtò ni Mshiyeni ṣe jẹun. Lórí òkè Lubombo níbí, ọ̀sẹ̀ kan kò gbọdọ̀ kọjá kí a má kó màlúù lọ sí kòtò ìjọba, níbi tí wọ́n ti ń da wọ́n gba inú omi olóògùn kọjá kí eégbọn lè kú lára wọn. Ọdún méjìdínlógójì ni ọkùnrin yìí fi dúró létí kòtò náà pẹ̀lú ọ̀pá gígùn ẹlẹ́nu méjì, tó ń ti orí màlúù rì sínú omi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí màlúù tí kò mọ̀. Ó mọ èyí tí wọ́n bí nílé, ó mọ èyí tó wá láti ilé ẹlòmíràn, ó sì mọ ohun tó gbé e wá. Lọ́dọ̀ wa, màlúù kì í ṣí láti agbolé kan dé òmíràn lásán. Ó lè jẹ́ ti ìgbéyàwó, ó lè jẹ́ ti ìtanràn, ó sì lè jẹ́ ti ọmọ.

Nítorí náà, bí ẹjọ́ bá délẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ baálẹ̀ pé ta ló fẹ́ ta, ta ló ni ọmọ ta, kò sẹ́ni tó ń wá ìwé. Mshiyeni ni wọ́n ń wá.

"Gamedze, ṣé màlúù kọjá?"

Á di ojú. Á mi orí. "Ó kọjá. Dúdú ni, ikùn rẹ̀ funfun, ìwo òsì rẹ̀ ti kán."

Ẹjọ́ parí nìyẹn. Inú ń bí mi sí i bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, síbẹ̀ n kò ní gba èyí mọ́ ọn lọ́wọ́: kò purọ́ rí láyé rẹ̀.

Ohun tó kórìíra ju eégbọn lọ ni kí ènìyàn fi ìlú sílẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ wa kùsà ní Johannesburg, kò lọ. Ó ní àjò kò dùn kí onílé má relé, pé àwọn tòde òní ni kò gbọ́ràn, wọ́n lọ sí àjò tán, wọ́n ra ilé síbẹ̀. Àfi bí ẹni pé ayé ń dúró dè é. Ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, Bhekitsemba, lọ sí ìlú Gẹ̀ẹ́sì láti máa tọ́jú arúgbó, ó gba ìwé ìgbélùú wọn, ó fẹ́ ọmọ wọn. Ọdún méjì ni Mshiyeni kò fi jẹ́ kí a dárúkọ rẹ̀ nílé. Bí tẹlifóònù bá dún, á ní, "Ẹ sọ fún un pé màlúù ò mọ ohùn rẹ̀ mọ́."

Ó wá di oṣù Kejìlá ọdún kan, Bhekitsemba dé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ méjì, Callum àti Maisie. Mshiyeni wo ojú Callum, ó rí iwájú orí ara rẹ̀ lórí rẹ̀, ìbínú ọdún méjì sì yọ́ dànù. Ní ọjọ́ kẹta, ó kó wọn lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ baálẹ̀. Ẹnu kí ọbẹ̀ ó hó, wọ́n ti kọ lẹ́tà fún wọn pé ọmọ Gamedze ni wọ́n, ọmọ onílùú. Àwọn ọmọ tí kò mọ bí a ṣe ń kí àgbà. Àwọn ọmọ tó sunkún nígbà tí wọ́n rí ṣáláńgá wa. Setsabile, ọmọ ọmọbìnrin Mshiyeni tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, ló ń pọn Maisie lọ síbẹ̀ ní ẹ̀yìn rẹ̀, Setsabile ló ń ro òkèlè àgbàdo tí wọn kò jẹ, òun ló ń bu wàrà kíkan fún bàbá àgbà rẹ̀ kí ó tó bu ti ara rẹ̀. Mo ń bọ̀ wá sórí Setsabile.

Ní ọdún kan náà, àwọn obìnrin mẹ́ta wá láti Mbabane, olú ìlú wa, nípa òfin ìdọ́gba. Wọ́n fẹ́ kí òfin sọ pé ọmọ tí obìnrin wa bá bí fún àlejò, ọmọ onílùú ni, bíi ti ọmọ tí ọkùnrin wa bá bí fún àlejò. Baálẹ̀ gbà wọ́n láyè kí wọ́n sọ̀rọ̀ ní ìpàdé. Wọ́n sọ̀rọ̀ dáadáa. Nígbà tí wọ́n parí, Mshiyeni dìde, ó ṣí fìlà.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìrìn," ló wí. "Mo gbọ́ yín. Orílẹ̀-èdè wa kéré bí àwo ọmọdé, àárín alájẹkì méjì ló sì wà. Ẹni tó bá gun òkè yìí láti Mòsáńbíìkì, tó bá ọmọ wa sùn, ṣé ká kàn bu ilẹ̀ fún un torí ó mọ ọ̀nà yàrá? Ọgbà la sọ. Ọgbà ò kórìíra ewúrẹ́. Ọmọ ń tẹ̀lé màlúù: ẹni tó san màlúù ló ni ọmọ, ìlú ẹni náà sì ni ìlú ọmọ."

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ní, "Bàbá, ọkùnrin wa tó lọ bímọ sóhùn-ún ńkọ́?"

"Ìyẹn ń gbé ìyàwó wálé ni!"

Gbogbo ìpàdé rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Mo ń sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ kò mọ́ jùyẹn lọ.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni ẹjọ́ LaSifundza dé. Opó ni, ìsàlẹ̀ wa ló ń gbé. Ó bí ọmọkùnrin kan, Mancoba, fún ọkùnrin kan láti òdìkejì ààlà, ọkùnrin náà sì ti lọ láìpadà. Òfin wa fi ihò kékeré kan sílẹ̀ fún irú wọn. Ọmọ tí a bí láìsí ìgbéyàwó, tí bàbá rẹ̀ kò mú màlúù wá gbà á, ti ìyá rẹ̀ ni, ọmọ onílùú sì ni. Ṣùgbọ́n bí màlúù ọmọ bá ti wọlé, ti bàbá rẹ̀ ló jẹ́, kó lọ wá ìlú bàbá rẹ̀. LaSifundza wá, ó ní màlúù kankan kò wọlé. Wọ́n bi Mshiyeni.

"Ó kọjá," ló wí. "Funfun ni, etí rẹ̀ dúdú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fà mí sínú kòtò."

LaSifundza ká ẹní rẹ̀, ó lọ. Mancoba kò rí káàdì ìdánimọ̀ gbà. Títí di òní, ó ń gé ìrèké ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹlòmíràn, orúkọ òkú kan, bí wọ́n bá sì pe orúkọ yẹn, á dáhùn.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti Setsabile. Lomalanga, ọmọbìnrin Mshiyeni, ló bí i. Gbẹ́nàgbẹ́nà kan láti Namaacha ló bí i fún, Zefanias Cossa ni orúkọ rẹ̀. Òdìkejì ààlà ni Namaacha, ṣùgbọ́n kò jìnnà, bí ẹ bá dúró lẹ́yìn ilé wa ẹ óò rí páànù ilé wọn. Ènìyàn rere ni Zefanias, àga tí Mshiyeni ń jókòó lé dòní, ọwọ́ rẹ̀ ló gbẹ́ ẹ. Kò tíì ní tó ohun tí wọ́n fi ń gbé ìyàwó. Ó ní kí wọ́n fún òun ní àyè, pé òun yóò kó màlúù ìyàwó wá bí agbára bá dé.

Èmi ni mo sọ̀rọ̀ nígbà náà láti ibi tí àwọn obìnrin jókòó sí. Mo ní, "Bàbá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí ọmọ ṣì wà lọ́dọ̀ wa. Bó bá gbé ìyá rẹ̀ níyàwó lọ́la, a ó mọ bá a ṣe máa ṣe é."

Ó kọjú sí mi. "LaMaziya, ṣé ọmọ ọmọ mi la he nínú koríko ni? Ọmọ tí kò ní bàbá, kí lò ń pè é? Kí wọ́n mú màlúù rẹ̀ wá kí n tó gba nǹkan míì."

Wọ́n mú un wá. Màlúù kan ṣoṣo, pupa, funfun wà níwájú orí rẹ̀. Mshiyeni fúnra rẹ̀ ló dà á lọ sí kòtò ní ọjọ́ tí gbogbo àdúgbò wà níbẹ̀, tó fi ń yangàn káàkiri pé, "Ẹ wá wo màlúù ọmọ ọmọ mi! Àwa ò bímọ sí gbangba o!" Iyì ló ń wá. Kí ọdún mẹ́rin tó pé, Zefanias já bọ́ láti orí ilé tí wọ́n ń kọ́ ní Maputo, ó kú. Kò tíì gbé Lomalanga níyàwó. Bàbá àti ìyá rẹ̀ ti kú ṣáájú rẹ̀, ìwé rẹ̀ kankan kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àwọn aláṣẹ òhún sì sọ fún Lomalanga pé àwọn kò mọ ẹni tó ń wí. Báyìí ni màlúù kan ṣe gba ọmọ kúrò lọ́wọ́ wa, tí kò sì sí ẹni tó gbà á lọ́hùn-ún.

Lomalanga lọ ń rán ṣòkòtò ní ilé iṣẹ́ aṣọ ní Matsapha. Ọwọ́ wa ni Setsabile dàgbà sí. Ojú Mshiyeni ti ń ṣú nígbà yẹn, oògùn kòtò ti bà á jẹ́. Setsabile ló ń mú un lọ, mú un bọ̀. Ó ń ka Bíbélì fún un, ó ń gé èékánná rẹ̀, ó tún ń bá a jiyàn nípa àwọ̀ màlúù, nítorí ó ti kọ́ gbogbo orúkọ àwọ̀ wọn lẹ́nu rẹ̀. Bí mo bá ní kí ọmọ náà sinmi, á ní, "Màmá, ta ló fẹ́ ṣe é, Callum?" A ó jọ rẹ́rìn-ín.

Ó parí ìwé mẹ́wàá, ó yege, ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sì gbà á. Ohun kan ṣoṣo ló kù, káàdì ìdánimọ̀. Kó tó rí káàdì, ìgbìmọ̀ baálẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà pé ọmọ onílùú ni. Bí wọn kò bá kọ ọ́ kí oṣù tó parí, ẹlòmíràn ni yóò gba àyè rẹ̀.

Logwaja Matsenjwa ni olórí ìgbìmọ̀, ọ̀rẹ́ Mshiyeni láti kékeré. Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìpàdé, ó yà sí ọ̀dọ̀ wa, mo gbé buganu, ọtí èso igbó wa, fún àwọn méjèèjì.

"Gamedze," ló wí, ó ń fẹ́ ìfófó orí ọtí, "ọ̀la, mi ò ní bi ọ́ ní nǹkan kan o. Ṣé o gbọ́? Mo máa ní, 'A gbọ́ pé kò sẹ́ni tó mú màlúù wá torí ọmọ yìí. Tẹ́nikẹ́ni ò bá ní ọ̀rọ̀, mo fẹ́ kọ ọ́.' Ìwọ máa wo ẹsẹ̀ rẹ. Gbogbo wa la máa wo ẹsẹ̀ wa."

Mshiyeni ń mu ọtí rẹ̀.

"Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀," Logwaja wí, ó dìde, ó lọ.

Nígbà tó lọ tán, mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, mi ò bẹ̀ yín rí látọjọ́ tí mo ti wọlé yìí. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bèbèrè ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Mi ò ní kẹ́ ẹ purọ́. Ẹ dákẹ́ ni."

Ó fọwọ́ kàn mí lórí. "LaMaziya, mo gbọ́."

Èmi òmùgọ̀, mo rò pé "mo gbọ́" ni "mo gbà". Mo lọ lọ ẹ̀wù Setsabile.

Ní ọjọ́ kejì, àwọn ọkùnrin jókòó sórí àpótí àti òkúta wọn, àwa obìnrin wà lórí ẹní. Lomalanga ti tọrọ àyè wá láti Matsapha. LaSifundza náà wà níbẹ̀, ó jókòó sí ìparí ẹní. Setsabile kúnlẹ̀ láàárín, ó dorí kodò. Logwaja ṣe bó ṣe wí. Ó ní, "A gbọ́ pé kò sẹ́ni tó mú màlúù wá torí ọmọ yìí. Tẹ́nikẹ́ni ò bá ní ọ̀rọ̀, mo fẹ́ kọ ọ́."

Ogún ọkùnrin ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló mọ̀ nípa màlúù pupa yẹn. Gbogbo wọn wo ẹsẹ̀ wọn. Logwaja ṣí gègé, ó fi sórí ìwé. Mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Mshiyeni wúkọ́. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde.

"Màlúù kọjá," ló wí.

"Gamedze, jókòó jàre," Logwaja dáhùn kíákíá. "Oòrùn ń pa ọ́."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín kí wọ́n lè ràn án lọ́wọ́. Ẹnì kan ní, "Oògùn kòtò ló ti wọ̀ ọ́ lọ́pọlọ, bàbá! Màlúù ibòmíràn lò ń rò!"

"Pupa ni," Mshiyeni wí. "Funfun wà níwájú orí rẹ̀. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ti orí rẹ̀ rì. LaSifundza dà? Mo mọ̀ pé ó wà níbí. Ibi tí mo dúró sí yìí ni mo ti sọ̀rọ̀ lórí ọmọ tiẹ̀. Tí mo bá wá dákẹ́ lórí tèmi, irú èèyàn wo ni mo jẹ́?"

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Nígbà tí wọ́n ti sọ ọ́ síta báyìí, kò sí ohun tí Logwaja lè ṣe. Ó dé gègé rẹ̀, ó fa ìwé náà ya. Lomalanga pariwo, ó ní, "Bàbá, kí ni mo ṣe yín? Kí ni mo ṣe yín láyé mi?" Setsabile ló dìde, ló di ìyá rẹ̀ mú, ló sì tún padà wá di ọwọ́ bàbá àgbà rẹ̀ mú kí ó má baà kọsẹ̀ níbi òkúta. N kò lè wo ìyẹn. Mo kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ní ẹnu ọ̀nà, Mshiyeni ní kí Setsabile dá òun dúró títí LaSifundza yóò fi dé. Ó ṣí fìlà. Mo rò pé ó ń retí kí obìnrin náà dúpẹ́ ni. LaSifundza kúnlẹ̀ bó ṣe yẹ kí obìnrin kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ ti bọlá fún mi," ló wí. "Ẹ ò ṣojúsàájú. Ṣùgbọ́n ta ló bẹ̀ yín? Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi gbàdúrà kẹ́ ẹ dákẹ́. Ká ní ẹ dákẹ́ lónìí, ǹ bá mú Mancoba wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ǹ bá sọ pé màlúù kankan ò kọjá, ǹ bá sì kọjú sí yín níwájú gbogbo wọn, ẹ̀ bá sì tún dákẹ́. Kò sọ́nà míì tẹ́ ẹ lè gbà. Ìdí tí mo fi wá jókòó nìyẹn. Ọmọ méjì lẹ lé jáde láàárọ̀ yìí, Bàbá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ sì la ẹnu."

Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó bọ́ sọ́nà ilé rẹ̀. Ìdọ́gba tí Mshiyeni mọ̀ kò ju ìyẹn lọ: kí ìyà kan náà jẹ gbogbo ènìyàn, kí ó má yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Àwọn kan ní àdúgbò wa ṣì ń yìn ín di báyìí. Wọ́n ní olóòótọ́ ni, wọ́n ní a kò ní rí irú rẹ̀ mọ́. Mo máa ń gbọ́ wọn, mo máa ń wò wọ́n, gbogbo wọn ló ní káàdì.

Setsabile kò bá a jà. Ìyẹn ló dùn mí jù, ǹ bá fẹ́ kó jà. Ó ń bu wàrà fún un bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, ó ń mú un lọ, mú un bọ̀, títí àyè rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ fi bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Lẹ́yìn èyí ló wá bá àwọn obìnrin kan tó ń lọ ṣiṣẹ́ ilé ní Johannesburg ṣe àdéhùn. Wọ́n mọ ibi tí wáyà ààlà ti ya. Kì í ṣe pé ó fẹ́ lọ. Níbí, kò lè gba iṣẹ́, kò lè ṣí àpò ní báńkì, kò lè fẹ́ ọkọ níwájú òfin. Òkú tí Mancoba ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ jù ú lọ.

Ó di ẹrù rẹ̀ sínú báàgì kan. Ó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún mi, mo sunkún lé e lórí. Ó wá lọ kúnlẹ̀ níwájú bàbá àgbà rẹ̀, tó jókòó sórí àga rẹ̀ nínú oòrùn òwúrọ̀.

"Bàbá àgbà, mo ń lọ."

Mshiyeni na ọwọ́, ó wá orí rẹ̀ rí, ó gbé ọwọ́ lé e. "Máa rọra o, ọmọ mi. Máa jẹun dáadáa. Ìgbà wo lo máa padà dé?"

Setsabile kò tíì dìde. Ó dá a lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bó ṣe máa ń dáhùn nígbà tó bá ń ka Bíbélì fún un.

"Bàbá àgbà, tí mo bá dé ọ̀hún, tí wọ́n bá bi mí pé ọmọ ibo ni mí, kí ni kí n sọ fún wọn?"

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mo ń wo ẹnu rẹ̀, ẹnu tó mọ ìdáhùn sí ẹjọ́ gbogbo ayé. Ó là á. Ó tún pa á dé. Ọjọ́ yẹn ló tó mọ bí a ṣe ń dákẹ́.